Ìka Méjì ní Ẹ̀gbẹ́ Kọ̀ọ̀kan

Ó ti rẹ Ìyá Tóóró. Kì í ṣe àárẹ̀ tí ènìyàn ń fi oorun lé lọ o. Àárẹ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́ ni, tí kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kí ènìyàn mọ ògiri kan tán, kó tún yọ́ lọ sẹ́yìn lọ mọ òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, àfi pé àlàfo ọ̀kan fẹ̀ ju ti èkejì lọ. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ló ti fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, kó má baà dà bí ẹni pé bíríkìlà ni mò ń wí. Inú kọ̀ǹpútà ni ògiri tiẹ̀ wà. Géèmù alùpùpù ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn, òun ló sì ń ṣe ọ̀nà sínú rẹ̀. Títì gbòòrò kọ́ o, ta ni ò lè ṣe ìyẹn? Ọ̀nà tóóró ni tiẹ̀: àlàfo àárín ilé méjì, ẹ̀yìn ilé ìtajà tí wọ́n to páálí sí, afárá onípákó kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbá géèmù náà á fi ọwọ́ méjèèjì di páàdì ìdarí mú, á gbé alùpùpù wọ ibẹ̀ tòun ti eré, bí ọwọ́ alùpùpù bá sì fi lè kan ògiri pẹ́nrẹ́n báyìí, ó ti ṣubú nìyẹn, àfi kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn sì torí ẹ̀ ra géèmù náà gan-an nìyẹn. Wọ́n á ṣubú, wọ́n á bú ẹni tó ṣe é tìyá-tìyá, wọ́n á tún padà lọ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibi iṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Ìyá Tóóró, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ò tíì pé ogójì ọdún, kò sì bímọ.

Ìka ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà níbẹ̀. Kì í ṣe ìka ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ìwọ̀n inú kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Òfin ọ̀gá wọn ni pé bí alùpùpù bá ti wọ ọ̀nà tóóró, àlàfo tó máa ṣẹ́ kù ò gbọdọ̀ ju ìka méjì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ó parí. Òfin kejì ni pé ẹni tó ṣe ọ̀nà kọ́ ló máa dán an wò. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mẹta láì ṣubú, kó fọwọ́ sí ìwé pé ènìyàn lè gba ibẹ̀ kọjá, kí wọ́n tó gbé e jáde fún aráyé.

Ẹni tó ń dán tiẹ̀ wò ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Kò gba orúkọ yẹn níbi géèmù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi gun alùpùpù tòótọ́, tó ń gbé ẹrù káàkiri fún àwọn ilé ìtajà, kò sì sí ibi tí òwú lè gbà tí kò ní gbà. Àwọn mìíràn á dúró síbi tí mọ́tò dí pa, wọ́n á máa fọn fèrè, òun á ti yọ́ gba àárín wọn kọjá, ó ti já ẹrù sílẹ̀, ó ti ń bọ̀. Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ akẹ́rù kan yà níwájú rẹ̀ láì wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán jinná. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kò bọ̀ sípò tán, ìka méjì níbẹ̀ kì í fẹ́ ká mọ́, bó bá sì ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ọwọ́ náà á le bí igi. Àbúrò rẹ̀ yìí ló lọ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n gbà á. Ó ní ta ló tún lè mọ ọ̀nà tóóró ju ẹni tó ti fi ara rẹ̀ gbà á kọjá lọ? Ọ̀gá rò ó, ó ní òótọ́ ni.

Ọ̀nà mẹ́jọ àkọ́kọ́, Abẹ́rẹ́ gbà wọ́n, ó fọwọ́ sí ìwé. Kò rọrùn fún un, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n. Ìkẹsàn-án ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́nà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì wéréwéré. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣubú níbẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́, ó rọra gbé páàdì sílẹ̀, ó sì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ tábìlì, ó ń fi tòsì tẹ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ̀ pé àbúrò òun ń wo òun. Ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Ohun tí obìnrin yìí ṣe ni pé, nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó ṣí ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan, ó sì fi ìka méjì kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà gidi, èyí tí aráyé máa rà, kò fọwọ́ kan ìyẹn, torí ọ̀gá ti sọ iye ìka. Ó ní lọ́la òun á dá a padà. Kó ṣáà fi tu ẹ̀gbọ́n òun nínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ná.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta gbáko láì ṣubú. Ó fò dìde. "Ó wọlé! Ẹ wá wò ó o! Ó wọlé!" Ó fa àwọn ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ wá, ó tún gbà á lẹ́ẹ̀kẹrin lójú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ta ló máa wá kọjá sí iwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ní rárá, kò wọlé? Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, ṣé wàá sọ ọ́? Ìyá Tóóró pàtẹ́wọ́ bíi ti àwọn yòókù. Láti ọjọ́ náà ló ti di pé ọ̀nà kan, ẹ̀dà méjì. Ìkẹwàá, ó fẹ̀ ẹ́. Ìkọkànlá, ó fẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa dé ìkejìlélógún, ìka mẹ́fà ló ń fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbé oníka méjì jáde fún aráyé. Àwọn tó ní ọwọ́ tó yá gan-an láàárín àwọn tó ra géèmù ń rí àwọn ọ̀nà tó ṣáájú ìyẹn gbà, wọ́n ń yin géèmù náà pé ó le, ó dùn. Kò sẹ́ni tó fura. Òun nìkan ló ń rẹ̀.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí Aláròyé wọlé. Ọmọbìnrin tó ń ka ìwé ẹ̀sùn àwọn tó ra géèmù ni. Ara òun fúnra rẹ̀ tutù bí omi àmù, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ẹlẹ́sùn tó ń gbé kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó lọ tààrà sí yàrá ọ̀gá. Kò pẹ́, ọ̀gá ní kí Ìyá Tóóró wá.

Ọ̀gá yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí. Kì í pariwo. Ìyẹn gan-an ló ń já ènìyàn láyà.

"Ìyá Tóóró, ẹ jókòó. Ọ̀nà kejìlélógún yìí, ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti wà níta. Aláròyé, sọ ohun tí o sọ fún mi."

"Kò sẹ́ni tó gbà á," ni Aláròyé wí.

"Ó le ni," ni Ìyá Tóóró dáhùn.

"Èmi ò ní ó le, Àǹtí. Mo ní kò sẹ́ni tó gbà á. Àwọn tó fi ọ̀sán kan ṣoṣo gba gbogbo ọ̀nà tó kù, àwọn náà ò gbà á. Wọ́n ní ìdí alùpùpù máa ń kọ́ ògiri ní kọ́nà kẹta, bó ti wù kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ní a fi ibẹ̀ tàn wọ́n jẹ."

Ọ̀gá na ìwé kan sí i. Ìwé tí Abẹ́rẹ́ fọwọ́ sí ni. "Ẹ wo ibí yìí. Ẹ̀gbọ́n yín kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun gbà á láì ṣubú. Gbogbo ayé ò rí i gbà, òun nìkan ló gbà á? Èmi ò rò pé ó tiẹ̀ gùn ún rárá. Mo rò pé ó kàn fọwọ́ síwèé, ó ń lọ sílé ni."

Ìyá Tóóró wo ìwé náà. Kọ́nà kẹta. Orí ló fi ṣírò kọ́nà náà fún ẹ̀dà gidi, ẹ̀dà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni wọ́n gùn wò. Ìdí alùpùpù! Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo gun oníka méjì yẹn kí wọ́n tó gbé e jáde, kíá ni ì bá ti rí i. Kò sẹ́ni tó gùn ún. Látorí ìkẹsàn-án, kò sẹ́ni tó ń gun ọ̀kankan nínú wọn níbi iṣẹ́ yẹn.

"Ọ̀gá..." ni ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má bá mi bẹ̀bẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ni. Mo ti ti fáìlì náà pa, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Bó bá di aago méjì ọ̀sán, kó wá síbí, kó gùn ún lójú mi, lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Bó bá gbà á, màá dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín gbogbo òṣìṣẹ́. Bí kò bá gbà á, irọ́ ló pa fún mi, kó kó ẹrù ẹ̀. Mi ò lè máa fi òpùrọ́ dán ọ̀nà wò."

Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà mọ̀ pé ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun á kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n òun, kó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀gá ló ti máa gbọ́ ọ. Ó jáde.

Orí àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ló ti bá a lọ́sàn-án. Abẹ́rẹ́ ń jẹ búrẹ́dì, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ ìdí kí eruku má ba ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ti jíṣẹ́ fún un. Inú rẹ̀ ò bàjẹ́ rárá, ńṣe ni ojú rẹ̀ ń dán.

"Àbúrò mi, wá jókòó. Ṣé o gbọ́? Wọ́n ní mo parọ́! Èmi! Wọ́n ní mi ò gùn ún!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ á máa lọ sílé."

"Ilé báwo? Lọ́sàn-án gangan? Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ó rẹ̀ mí, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó ti ń rẹ̀ ọ́ láti èṣí. Mo ní kí o máa sùn, o ò gbọ́. Wo abẹ́ ojú ẹ bó ṣe rí." Ó gé búrẹ́dì, ó na díẹ̀ sí i. "Jẹun. Ṣé o mọ ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kò tíì sí ìgbà tí ọ̀gá jókòó tì mí wò mí rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń gbọ́. Lónìí á rí i fúnra ẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ ná. Ọ̀nà yẹn..."

"Kọ́nà kẹta, àbí? Mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn máa tẹ bíréèkì díẹ̀, á wá jẹ́ kí ìdí ẹ̀ gbá síta. Mo lè fi ojú dídì gbà á." Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó ká a, ó tú u. Àwọn ìka méjì yẹn ò ká dé ìdajì. Ó dà bí ẹni pé òun ò rí i. "Ọwọ́ tí wọ́n ní ó ti kú nìyí o. Jẹ́ kí aago méjì lù ná."

Ìyá Tóóró fi búrẹ́dì sẹ́nu, kó lè ní ohun tí kò ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ti gbìyànjú, ẹ má sọ pé kò gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde.

Aago méjì lù. Yàrá ọ̀gá ò tóbi, ẹni mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ọ̀gá, Aláròyé tó wá ṣe ẹlẹ́rìí fún àwọn tó ra géèmù, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Abẹ́rẹ́ fa àga súnmọ́ tábìlì, ó nu páàdì mọ́ ẹ̀wù, ó yíjú wo gbogbo wọn bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àwàdà.

"Ọ̀gá, ẹ ti múra àtidọ̀bálẹ̀?"

"Ẹ gùn ún ná, Bọ̀ọ̀dá."

Ó gbéra. Kọ́nà kìíní pàápàá, kò dé ibẹ̀. Ọwọ́ alùpùpù kan ògiri òsì, ó ṣubú gbàì.

"Ara mi ò tíì gbóná ni," ló wí.

Ó tún un ṣe. Ó kan ògiri ọ̀tún. Ó tún un ṣe. Ó kọjá kọ́nà kìíní, ó ṣubú ní ìkejì. Ó ní páàdì yìí ò mọ́ òun lọ́wọ́, kí wọ́n lọ bá òun mú tòun wá. Aláròyé sáré lọ mú un wá. Ó ṣubú. Ó gbé àga súnmọ́ iwájú sí i, ó ṣubú. Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó tún ṣubú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìyá Tóóró rí i bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ bọ́tìnì nítorí pé ìka ò gbọ́ràn mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kọkànlá ló di ẹ̀ẹ̀kejìlá. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ó ti tó."

"Kò tó." Abẹ́rẹ́ gbé ojú súnmọ́ kọ̀ǹpútà débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Wọ́n ti fún ọ̀nà yìí pọ̀. Èyí kọ́ ni mo gbà."

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà níta látọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn."

"Mo ní èyí kọ́! Ṣé mi ò ní mọ ohun tí mo gùn ni? Ìgbà tí mo bá wọ ibẹ̀, mo máa ń rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ alùpùpù. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níbí." Aláròyé wolẹ̀. Ọ̀gá ń wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹni tí irọ́ rẹ̀ ti tú tí kò tíì mọ̀. Abẹ́rẹ́ rí ojú náà. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀. "Àbúrò mi, bá mi sọ fún wọn. Ìwọ lo ṣe é. Sọ fún wọn pé ó fẹ̀ ju báyìí lọ."

Háà! Ẹni tó bá lè dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn rẹ̀ ti yigbì.

"Ó fẹ̀ ju báyìí lọ," ni Ìyá Tóóró wí.

"Ẹ ò gbọ́? Mo sọ fún yín!"

"Lórí kọ̀ǹpútà tiyín, Bọ̀ọ̀dá. Lórí tiyín nìkan." Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà ọ̀gá. "Ìka mẹ́fà ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Méjì ló wà níta. Ọ̀gá, Bọ̀ọ̀dá ò parọ́. Wọ́n gùn ún dáadáa, wọ́n sì gbà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Èmi ni mo gbé ayédèrú ọ̀nà fún wọn. Mo ti ń ṣe é tipẹ́."

Ọ̀gá jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Kí ló dé?" ló bi í. "Ẹ ṣàlàyé fún mi, kó yé mi. Kí ló dé?"

"Wọn ò rí i gbà. Mo rò pé tí wọn ò bá rí i gbà, ẹ máa lé wọn."

"Kí n lé wọn?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ kí ọ̀gá gbé ohùn sókè. "Kí n lé wọn nítorí pé wọ́n ṣubú? Ìyá Tóóró! Ká ní ó kọ ọ́ sí ìwé pé òun ò rí ibẹ̀ gbà, ṣebí a máa fẹ̀ ẹ́ ni, èmi tí mo sọ iye ìka ni mo lè yí i padà. A máa yẹ kọ́nà wò, a máa mọ̀ pé ìdí alùpùpù ń kọ́ ọ. Ohun tí mo gbà á síṣẹ́ fún nìyẹn! Mi ò gbà á kó máa borí. Mo gbà á kó wá sọ fún mi níbi tó bá ti ṣubú."

Ìyá Tóóró ti mọ ìdí òfin kejì yẹn látọjọ́ tó ti débẹ̀, ẹnu òun náà ló fi ń kà á fún àwọn tuntun. Ìgbà tó kan ọmọ ìyá rẹ̀ ni òfin náà fò lọ lórí rẹ̀, tó rò pé ìṣubú ni ìtìjú. Ọ̀gá ní kí Abẹ́rẹ́ má lọ síbì kankan, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹsàn-án lárọ̀ ọ̀la, kó gun ẹ̀dà gidi, kó sì kọ ohun tó bá rí. Ní ti Ìyá Tóóró, kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀nà tuntun kankan títí di ìgbà tí òun bá tún pè é. Ó ní kí wọ́n máa lọ, ó rẹ òun náà.

Ìta ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bọ́ sí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Oòrùn ń mú ganrínganrín. Abẹ́rẹ́ ò jókòó. Ó dúró, ó kẹ̀yìn sí i.

"Látìgbà wo?"

"Láti orí ìkẹsàn-án."

"Ìyẹn ni pé mẹ́jọ péré ni mo gbà."

"Bọ̀ọ̀dá, mẹ́jọ náà ò kéré..."

"Má bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Mo bi ọ́ ní nǹkan, dá mi lóhùn. Mẹ́jọ ni?"

"Mẹ́jọ ni."

Abẹ́rẹ́ ò pariwo, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. "Nọ́ọ̀sì tó ń fa ọwọ́ mi nílé ìwòsàn, ṣé o rántí pé mi ò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́?"

"Mo rò pé wọ́n ní ó ti tó."

"Ta ló ní ó tó? Ẹnikẹ́ni ò ní ó tó. Ọjọ́ tí mo gba ìkẹsàn-án yẹn ni mo lọ bá a. Mo ní, ẹ ṣeun o, ọwọ́ mi ti bọ̀ sípò. Ó ní kí n máa bọ̀ ṣá, ó ku oṣù mélòó kan, torí bí iṣan bá le tán, kò ní ṣe é fà mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó ń gba ibi tí mò ń gbà, kí ló tún fẹ́ wá fa ọwọ́ sí?" Ó yíjú sí i wàyí. "Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Mo ń rí i pé kì í ká. Ojú ara mi ni mò ń sọ pé ó ń parọ́, torí ọ̀nà tí o ṣe ń sọ fún mi pé mo ti dáa."

Ìyá Tóóró sunkún. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, láàárín mọ́tò àwọn ènìyàn, ó ní kó dárí ji òun, ó ní àánú rẹ̀ ló ṣe òun. Abẹ́rẹ́ ní kó dìde, kí òkúta má baà gé e lórúnkún. Ó fà á dìde pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ló lọ wọ ọkọ̀ ní tirẹ̀, kò dúró dè é bó ṣe máa ń ṣe.

Lárọ̀ ọjọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ dé kí gbogbo wọn tó dé. Ìyá Tóóró bá a níwájú kọ̀ǹpútà, ó kí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn dáadáa, ó bi í bóyá ó sùn. Ìyá Tóóró ní òun sùn. Irọ́ ni. Ó bá a ṣí ọ̀nà kẹsàn-án, ẹ̀dà gidi, oníka méjì, ó sì dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

"Òun nìyí, Bọ̀ọ̀dá."

Abẹ́rẹ́ mú páàdì. Ó wo ọ̀nà náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé páàdì sílẹ̀, ó dìde, ó fẹ̀gbẹ́ kọjá lára àbúrò rẹ̀, ó lọ sí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

"Aláròyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo nǹkan. Ṣé bó ṣe rí lọ́dọ̀ gbogbo ayé nìyí?"

Aláròyé wo Ìyá Tóóró. Ìyá Tóóró wo ilẹ̀. Ọmọbìnrin náà wá, ó tẹ̀ ba kọ̀ǹpútà, ó wọn ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Òun ni, Bọ̀ọ̀dá," ló wí. "Bákan náà ni."

"Ẹ ṣeun." Abẹ́rẹ́ jókòó, ó gbéra, ó ṣubú ní kọ́nà kìíní. Ó fa ìwé sún mọ́ra, ó sì fi ọwọ́ tó ń dùn ún kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan.